Táyà Ló Ń Ṣẹ́ Ṣáàfù: Yíyan Ìdí àti Sọsipẹ́ńṣọ̀n fún Mọ́tò Drag

Ohun tí àwọn tó ń kọ́ mọ́tò drag (mọ́tò eré tààrà, tó sábà máa ń sá ìdá mẹ́rin máìlì) máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Ẹ́ńjìnnì mi lágbára ẹṣin 700, ìdí wo ló lè gbé e?" Ìbéèrè náà kò burú, àmọ́ ẹsẹ̀ òdì ló fi gbéra. Ẹ gbé ẹ́ńjìnnì ẹṣin 700 sínú mọ́tò tó wọ táyà ìgboro lásán, kí ẹ tẹ tọ́tù dé ilẹ̀. Táyà á yí lójú kan, èéfín á sọ, ìdí mọ́tò kò sì ní mọ nǹkan kan lára. Ẹ wá gbé ẹ́ńjìnnì ẹṣin 450 sínú mọ́tò tó wọ táyà slick (táyà eré tí kò ní ìlà lójú) tó rọ̀, lórí ojú ọ̀nà eré tí gọ́ọ̀mù ti lẹ̀ mọ́, kí ẹ já kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ ní 6,000 rpm (ìyípo ẹ́ńjìnnì ní ìṣẹ́jú kan). Ibẹ̀ lẹ ti máa gbọ́ ìró irin. Bí táyà bá gbà láti yọ̀, ó ti gba ìdí là. Bí ó bá kọ̀ tí kò yọ̀, nǹkan mìíràn ló máa yọ̀ǹda ara rẹ̀ dípò rẹ̀: eyín píníọ̀nù, ṣáàfù, tàbí jọ́ìntì pùròpẹ́là.

Níbi tí mo bá ti pe "ìdí" nínú àròkọ yìí, gbogbo àkójọ axle ẹ̀yìn ni mò ń sọ: họ́sìn, kíráùn àti píníọ̀nù (gíà ńlá àti kékeré tó ń gba ipá lọ́wọ́ pùròpẹ́là fún ṣáàfù), ṣáàfù méjèèjì, títí dé ibi tí wíìlì ti so mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò gbè é. Ká ní mọ́tò kan wúwo tó 3,000 pọ́ùn pẹ̀lú ẹni tó ń wà á, tí wíìlì ẹ̀yìn sì ń ru 1,400 nínú rẹ̀ nígbà tó bá dúró jẹ́ẹ́. Láti àárín wíìlì iwájú dé ti ẹ̀yìn jẹ́ 108 ínǹṣì, àárín ìwúwo rẹ̀ sì ga kúrò nílẹ̀ tó 20 ínǹṣì. Bí mọ́tò yìí bá gbéra pẹ̀lú 1.3 g (ìlọ́po 1.3 ìfàmọ́ra ilẹ̀), ìwúwo tó máa kúrò níwájú bọ́ sẹ́yìn ni 3,000 × 1.3 × 20 ÷ 108, tí í ṣe nǹkan bí 722 pọ́ùn. Ẹ̀yìn wá ń ru 2,122. Ipá tó ń ti mọ́tò síwájú jẹ́ 3,000 × 1.3, ìyẹn 3,900 pọ́ùn. Bí táyà bá ga tó 28 ínǹṣì, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 14, nítorí náà ipá ìlọ́ tí ṣáàfù méjèèjì jọ ń gbé jẹ́ 3,900 × 14 ÷ 12, tí í ṣe 4,550 lb-ft (pọ́ùn-ẹsẹ̀ bàtà).

Ẹ wá wo ohun tí ẹ́ńjìnnì ní lọ́wọ́. Ká ní ó ń mú 600 lb-ft jáde, kọnfátà tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà ọ́tò sọ ọ́ di ìlọ́po méjì nígbà ìgbéra, gíà kìíní jẹ́ 2.48, ti ìdí sì jẹ́ 4.30. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ lọ́nà ara wọn, yóò fún yín ní nǹkan bí 12,800 lb-ft. Ẹ́ńjìnnì ní fẹ́rẹ̀ẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ohun tí táyà lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹ́ńjìnnì alágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ sínú mọ́tò yìí láìpààrọ̀ táyà kò fi bẹ́ẹ̀ dá kún ìnira ṣáàfù nígbà ìgbéra. Ẹni tó pààrọ̀ táyà ló dá kún un. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ìwúwo mọ́tò, irú táyà àti ọ̀nà ìgbéra ló yẹ kéèyàn kọ sílẹ̀ kó tó kọ agbára ẹṣin.

Ọ̀nà ìgbéra ṣe pàtàkì nítorí bí ipá ṣe ń dé lè burú ju iye rẹ̀ lọ. Mọ́tò tó ń lo kílọ́ọ̀ṣì ń kó agbára pamọ́ sínú fúláìwíìlì tó ń yí. Bí ẹsẹ̀ bá ti kúrò lórí pẹ́dà, gbogbo rẹ̀ á já lu ìdí lẹ́ẹ̀kan náà bí òòlù. Gíà ọ́tò rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ torí ọ́ìlì ló wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíà nínú kọnfátà. Bí awakọ̀ bá fi bíríkì ẹsẹ̀ di mọ́tò mú nígbà tó ń tẹ tọ́tù, gbogbo ààyè tó wà láàárín eyín gíà ti di fífún kí ó tó gbéra. Transbrake, bíríkì inú gíà tí bọ́tìnnì ń darí, kò rí bẹ́ẹ̀. Inú àpótí gíà ló ti ń ti ọ̀pá pa, ohun gbogbo tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì dẹ̀, nítorí náà nígbà tí awakọ̀ bá tú bọ́tìnnì sílẹ̀, pùròpẹ́là àti píníọ̀nù á kọ́kọ́ gba àlàfo yẹn kọjá kí wọ́n tó kọlu ara wọn. Mọ́tò méjì tí ìwúwo àti táyà wọn dọ́gba lè nílò ìdí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nítorí èyí nìkan. Tí kílọ́ọ̀ṣì bá wà níbẹ̀, ẹ fi ìpele kan kún ohun tí ẹ rò pé ó tó.

Ìdí mélòó ló wà gan-an?

Àwọn tí ojú ń rí jù kò pọ̀. Ford 9-inch ni baba wọn. Ford ń fi í sábẹ́ mọ́tò láti 1957 títí di 1986, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn sì ṣì ń ṣe gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ lákọ̀tun. GM ní bóòtù 12, tí fífẹ̀ kíráùn rẹ̀ jẹ́ 8.875 ínǹṣì, àti bóòtù 10 tó kéré sí i. Ford 8.8 wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ Mustang. Dana 60 ni akọni wọn, kíráùn rẹ̀ jẹ́ 9.75 ínǹṣì.

Ohun méjì ló mú kí 9-inch gba ọkàn àwọn eléré. Àkọ́kọ́ ni bẹ́ríǹgì kékeré kan tó di ìkángun orí píníọ̀nù mú, tó fi jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni wọ́n ti gbá a mú. Nínú àwọn ìdí yòókù, ẹ̀yìn píníọ̀nù nìkan ni wọ́n dì mú, orí rẹ̀ wá gbára lé afẹ́fẹ́. Nígbà tí ipá bá pọ̀, ó máa ń tì kúrò lára kíráùn, eyín á sì máa kan ara wọn létí dípò àárín. Ìkejì ni pé odindi ọkàn ìdí náà ń bọ́ jáde láti iwájú. Ẹ yọ ṣáàfù, ẹ tú pùròpẹ́là, ẹ tú nọ́ọ̀tì 10, ẹ gbé òmíràn tó ti ní gíà mìíràn sínú rẹ̀ láàárín eré méjì. Dana 60 kò gba irú ìyẹn. Ẹ̀yìn ni ìdérí rẹ̀ wà, inú họ́sìn gan-an lẹ ti máa to gíà.

Àmọ́ kò sí ọ̀fẹ́ níbẹ̀. Píníọ̀nù 9-inch jókòó sí ìsàlẹ̀ àárín kíráùn ju ti àwọn yòókù lọ, ó lé ní ínǹṣì méjì, nígbà tí ti Dana 60 kò ju ínǹṣì kan àti díẹ̀. Bí píníọ̀nù bá ti jìnnà sí àárín tó, bẹ́ẹ̀ ni eyín ṣe ń yọ̀ lára ara wọn tó, ìyọ̀ náà sì ń jẹ agbára, ó ń sọ ọ́ di ooru. Mọ́tò tí agbára rẹ̀ kéré lè rí i nínú àkókò rẹ̀. Bí mọ́tò bá wúwo púpọ̀, tó sì ń lo kílọ́ọ̀ṣì, èmi á wo Dana 60 dáadáa kí n tó wo ibòmíràn. Bí ó bá jẹ́ mọ́tò tí wọ́n á máa pààrọ̀ gíà rẹ̀ lemọ́lemọ́ nítorí ọ̀nà oríṣiríṣi, 9-inch kò ní orogún.

Bóòtù 12 àti 8.8 kò yẹ kéèyàn fojú tẹ́ńbẹ́lú, pàápàá tí mọ́tò kò bá wúwo. Ìṣòro wọn kò sí nínú gíà tó bó ṣe wà nínú ohun tó di ṣáàfù mú. Nínú wọn, irin kékeré kan tó dà bí lẹ́tà C ló wọ inú ihò ìparí ṣáàfù nínú ìdí, òun nìkan ni kò jẹ́ kí ṣáàfù yọ jáde. Tí ṣáàfù bá ṣẹ́ níbikíbi, kò sí ohun tó kù láti dá a dúró. Wíìlì, bíríkì àti apá ṣáàfù á jọ kúrò lábẹ́ mọ́tò. Òfin NHRA, ẹgbẹ́ tó ń darí eré drag ní Amẹ́ríkà, ní kí mọ́tò èyíkéyìí tó bá ń sáré 10.99 ìṣẹ́jú àáyá tàbí kó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ṣáàfù tó lágbára ju ti ilé iṣẹ́ lọ àti ohun tó dì í mú láti ìta, bẹ́ẹ̀ náà sì ni mọ́tò èyíkéyìí tó bá ní spool (irin tó so ṣáàfù méjèèjì pọ̀). Àwọn kan máa ń ra ohun èlò tó ń wọ ẹnu họ́sìn láti dí ipò C náà. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ọ́ìlì lè máa jò níbẹ̀. Ohun tó dára jù ni pé kí wọ́n gé ẹnu họ́sìn kúrò, kí wọ́n sì jó ẹnu irú ti 9-inch sí i. Ní ti 8.8, páìpù rẹ̀ kàn wọ inú irin àárín ni, ó lè yí nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà tó mọ irin dídà jó o yíká, kó kọ́kọ́ gbóná irin náà, kó sì lo ọ̀pá jíjó tó ní níkẹ́ẹ̀lì.

Ní ti ṣáàfù, eyín ẹnu rẹ̀ lẹ máa fi dá a mọ̀. Ínǹṣì kan gba eyín 24 lórí ìwọ̀n tí wọ́n ń lò, nítorí náà ṣáàfù eyín 31 fẹ̀ tó nǹkan bí 1.33 ínǹṣì, eyín 35 tó 1.5, eyín 40 tó 1.7. Ó jọ pé ìyàtọ̀ wọn kéré. Ṣùgbọ́n agbára ọ̀pá lódì sí ìlọ́ ń pọ̀ sí i pẹ̀lú ìlọ́po mẹ́ta fífẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ni pé ẹ máa sọ fífẹ̀ náà di púpọ̀ lọ́nà ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Eyín 35 wá fi nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún lágbára ju eyín 31 lọ tí irin wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà, eyín 40 sì fi bí ìdajì ju eyín 35. Fún mọ́tò 3,000 pọ́ùn tí a ṣírò lókè, tó wọ slick, eyín 35 ni mo máa yàn láìronú lẹ́ẹ̀mejì. Eyín 40 wà fún mọ́tò tó wúwo tó sì yá gan-an, kì í sì í wọ kéèsì (irin tó gbé gíà inú ìdí) kékeré. Ẹ máa ra kéèsì tí ihò bẹ́ríǹgì rẹ̀ tóbi mọ́ ọn.

Spool so ṣáàfù méjèèjì pọ̀ bí ẹni pé ọ̀pá kan ni wọ́n. Ó rọrùn, ó fúyẹ́, kò sì ní ohun tó lè bàjẹ́ nínú rẹ̀. Mọ́tò tó ń lọ tààrà nìkan ló yẹ. Ní kọ́nà ìgboro, táyà ìta máa ń fẹ́ rìn jìnnà ju ti inú lọ, spool kò sì gbà fún un, nítorí náà ṣáàfù ló ń jẹ ìyà náà, díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Kò sì sí ẹni tó yẹ kó fi spool sínú ìdí tí ṣáàfù ilé iṣẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Nínú ìṣirò wa, a pín 4,550 sí ọ̀nà méjì. Bí táyà kan bá gun ibi tó ń yọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, spool á gbé gbogbo rẹ̀ lé ṣáàfù kejì.

Bóòtù tó ń di wíìlì mú, ẹ má fi ti ínǹṣì ìdajì tẹ́ ara yín lọ́rùn bí mọ́tò bá ti wúwo tó sì ń gbé wíìlì iwájú kúrò nílẹ̀. Ẹ lo ti 5/8. Tírẹ́ẹ̀dì bóòtù tó wọ inú nọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ gùn tó fífẹ̀ bóòtù náà, ó kéré tán.

Gíà, àti ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà

Ìṣirò gíà kò le. Ẹ mú rpm tí ẹ fẹ́ kọjá ìlà ìparí, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú gíga táyà ní ínǹṣì, ẹ pín in fún máìlì wákàtí tí ẹ fẹ́ lọ́nà 336. Fún 7,000 rpm, táyà 28 ínǹṣì àti 130 máìlì, yóò fún yín ní nǹkan bí 4.49. Ṣùgbọ́n kọnfátà máa ń yọ̀. Bí ó bá ń yọ̀ ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, 6,650 péré ló ń dé pùròpẹ́là, èsì á wá di 4.26; ẹ ra 4.30. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé ìyọ̀ yìí, wọ́n á ra 4.56, ẹ́ńjìnnì á sì ti dé òpin agbára rẹ̀ kí mọ́tò tó rí ìlà.

Wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Gíà tó ga ní nọ́ńbà ní píníọ̀nù kékeré. Eyín píníọ̀nù 4.86 kéré, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti 3.89 lọ nínú ìdí kan náà. Ẹni tó ń wá ìgbéra kíkan nípa gíga gíà ń mú apá tó ṣeé ṣẹ́ jù lọ nínú ìdí rẹ̀ tín-ín-rín sí i. Nígbà mìíràn ó sàn kí táyà kúrú díẹ̀, kí gíà sì sún sílẹ̀.

Irin gíà náà ní irú. Ti ìgboro sábà máa ń jẹ́ irin 8620, ojú rẹ̀ le, ó ń pẹ́, àmọ́ bí ipá bá dé lójijì ó lè fọ́ bí àwo. Ti eré jẹ́ 9310. Ó rọ̀ díẹ̀, ó ń gba ìkọlù mọ́ra, àmọ́ ojú rẹ̀ máa ń jẹ tí wọ́n bá ń fi rìn lójoojúmọ́. Ẹ má fi ti eré sínú mọ́tò tó ń lọ ibi iṣẹ́.

Nígbà tí wọ́n bá ń to gíà, ààyè láàárín eyín kíráùn àti ti píníọ̀nù sábà máa ń wà láàárín 0.006 sí 0.010 ínǹṣì, ìwé tó bá gíà wá ló ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ẹ fi ọ̀dà kun eyín, ẹ yí i, ẹ wo ibi tí ojú ti kan ara: àárín eyín ló yẹ, kì í ṣe ṣóńṣó, kì í ṣe ìsàlẹ̀ eyín. Bùṣì irin tó ń run mọ́ra láàárín bẹ́ríǹgì píníọ̀nù, ẹ yọ ọ́ dànù, ẹ fi èyí tó le gbagidi sí i pẹ̀lú ṣíìmù. Èyí tó ń run náà máa ń run sí i nígbà ìkọlù, nọ́ọ̀tì píníọ̀nù á dẹ̀, ìdí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hu. Gíà tuntun gbọ́dọ̀ rìn jẹ́jẹ́ fún bí ìṣẹ́jú 15 sí 20, kó tutù pátápátá, kó tó rí ojú ọ̀nà eré. Ẹni tó bá fo ìyẹn ti jó ojú gíà rẹ̀.

Kí n tó kúrò lórí ìdí: họ́sìn tí kò tọ́ ló ń ba iṣẹ́ rere jẹ́ jù, ẹnikẹ́ni kì í sì í fura sí i. Gbogbo ìgbà tí wẹ́dà bá jó ohun ìdìmú mọ́ họ́sìn, irin máa ń súnkì sí ibi tó jó, páìpù á sì tẹ̀. Ojú kò lè rí i, ṣùgbọ́n bẹ́ríǹgì ṣáàfù á máa gbóná, eyín ṣáàfù á máa jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹnu ṣáàfù á máa ta ko spool. Ẹ lo ọ̀pá ìtọ́sọ́nà tó gba inú ihò bẹ́ríǹgì méjèèjì kọjá. Kí wẹ́dà máa jó ínǹṣì kan níbí, kó lọ jó ínǹṣì kan ní òdìkejì, kó jẹ́ kó tutù, kó tún fi ọ̀pá náà wọ̀n. Irin àfikún tí wọ́n ń jó sí ẹ̀yìn họ́sìn máa ń dá a dúró lójú eré, àmọ́ jíjó rẹ̀ gan-an lè tẹ̀ ẹ́, nítorí náà ìwọ̀n ìkẹyìn gbọ́dọ̀ wáyé lẹ́yìn rẹ̀. Tí ẹ bá sì fẹ́ mọ bí ìdí ṣe máa fẹ̀ tó, láti ojú ibi tí wíìlì ti so dé èkejì ni kí ẹ wọ̀n, pẹ̀lú ríìmù àti táyà tí ẹ máa lò gan-an lọ́wọ́. Ẹ wọ̀n ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Píníọ̀nù kì í sábà wà ní àárín gbùngbùn, ṣáàfù méjèèjì sì lè má gùn bákan náà.

Oríta ọ̀pá

Ìdí tó lágbára wulẹ̀ ń fara da ohun tí táyà bá ṣe ni. Sọsipẹ́ńṣọ̀n ló ń pinnu bí táyà ṣe máa ṣe é. Nígbà ìgbéra, táyà ń ti họ́sìn síwájú, họ́sìn sì ń fẹ́ yí imú píníọ̀nù sókè. Ọ̀pá tàbí sípíríǹgì tó so họ́sìn mọ́ ṣáásíì ló ń gba ìtì àti ìyí yìí wọlé sínú ara mọ́tò, igun tí wọ́n gbà wọlé ló sì ń sọ bóyá ẹ̀yìn mọ́tò máa lóṣòó tàbí kó dìde.

Sípíríǹgì pẹlẹbẹ ni ó rọrùn jù. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń gbé ara mọ́tò, ó tún ń di họ́sìn mú kó má yí, kò sì mọ èkejì ṣe dáadáa. Ó máa ká bí S, á ta padà, táyà á sì máa fò lórí ilẹ̀. Ìfò yẹn gan-an ló ń ṣẹ́ píníọ̀nù, torí táyà ń tú ilẹ̀ sílẹ̀, ó tún ń gbá a mú, lẹ́ẹ̀mélòó kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀pá tí wọ́n dè mọ́ ìsàlẹ̀ sípíríǹgì, tí gọ́ọ̀mù wà ní imú rẹ̀ lábẹ́ ojú iwájú sípíríǹgì, máa ń dá ìká náà dúró. Apá iwájú sípíríǹgì, láti họ́sìn dé ojú iwájú, ni kí ó le. Apá ẹ̀yìn rẹ̀ lè rọ̀.

Àwọn ọ̀pá àkàbà jẹ́ onígun mẹ́ta méjì tí wọ́n dì mọ́ họ́sìn pinpin, tí ojúkò kan ṣoṣo sì so ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ́ ṣáásíì níwájú. Wọ́n le, wọn kò ní wàhálà ìṣirò, mọ́tò á lọ tààrà. Wọn kò fẹ́ kí ìdí gbé apá kan ju èkejì lọ, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi yẹ ojú ọ̀nà tó ní kòtò. Ọ̀pá mẹ́rin ló fún èèyàn ní ọwọ́ jù: méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, ihò púpọ̀ sì wà lára ìdìmú láti gbé wọn sókè sódò.

Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, ẹ fa ìlà láti inú ọ̀pá òkè síwájú, ẹ fa òmíràn láti inú ti ìsàlẹ̀. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni mò ń pè ní oríta. Kò sí irin kankan níbẹ̀, àmọ́ ibẹ̀ ni ìdí ti ń ti mọ́tò. Bí oríta bá ga, ẹ̀yìn mọ́tò á dìde, yóò sì tẹ táyà mọ́lẹ̀. Bí ó bá lọ sílẹ̀, á lóṣòó. Ẹ pín gíga oríta fún jíjìnnà rẹ̀ sí àárín wíìlì ẹ̀yìn, ẹ wá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú àlàfo wíìlì tí ẹ ti fi gíga àárín ìwúwo pín. Mọ́tò wa: àlàfo 108, gíga 20, ìyẹn 5.4. Bí oríta bá jìnnà tó 50 ínǹṣì, tó sì ga tó 10, a ní 0.2 × 5.4, tí í ṣe 108 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 100 gan-an, ẹ̀yìn mọ́tò kò ní lóṣòó, kò sì ní dìde. Ẹ gbé ọ̀pá òkè sí ihò mìíràn kí oríta sún mọ́ 40 ínǹṣì láìyí gíga rẹ̀ padà, ó ti di 135.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kéèyàn rò pé bí nọ́ńbà yìí bá ti ga tó ni ó dára tó. Oríta tó kúrú ń lu táyà kíkan kíákíá. Táyà á wú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ara mọ́tò á sáré dìde dé òpin ibi tí ṣọ́ọ̀kì lè nà dé, lẹ́yìn náà ohun gbogbo á padà sẹ́yìn, ìwúwo á kúrò lórí táyà, á sì yọ̀ lẹ́yìn ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan. Mọ́tò tí agbára rẹ̀ mọ níwọ̀n lè jàǹfààní ìlù yẹn. Mọ́tò alágbára púpọ̀ lórí táyà kékeré nílò oríta tó jìnnà síwájú tó sì rọ̀, kí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ náà lè pẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọ̀pá ìsàlẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú, kí ẹ fi ti òkè ṣe àtúnṣe. Ọ̀pá ìsàlẹ̀ tó dagun púpọ̀ máa ń yí ìdí bí ẹni ń yí sítíárì nígbà tí ẹ̀gbẹ́ kan bá ga ju èkejì lọ.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ọ̀tún àti òsì. Bí pùròpẹ́là ṣe ń yí píníọ̀nù, ó ń fẹ́ yí odindi họ́sìn náà, ó ń tẹ táyà òsì mọ́lẹ̀, ó ń gbé ti ọ̀tún. Ara mọ́tò ń yí sí òdìkejì, igun iwájú òsì á ga, igun ẹ̀yìn ọ̀tún á lóṣòó. Ọ̀pá ìdènà ìyí, tó so apá méjèèjì ìdí pọ̀ mọ́ ṣáásíì, ni oògùn tó mọ́ jù. Nínú mọ́tò GM àtijọ́ tó ní sípíríǹgì yíyí, báàgì afẹ́fẹ́ kékeré nínú sípíríǹgì ẹ̀yìn ọ̀tún ń ṣe iṣẹ́ kan náà lówó pọ́ọ́kú. Lórí ọ̀pá mẹ́rin, ẹ fi òṣùwọ̀n sábẹ́ wíìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú awakọ̀ lórí àga, kí ẹ wá máa yí ọ̀pá òkè ọ̀tún ní ìdá kan nínú mẹ́fà ìyípo, kí ẹ máa wo nọ́ńbà. Ẹni tó yí odindi ìyípo kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò ní mọ ohun tó ṣe.

Igun píníọ̀nù wá ní ìtumọ̀ báyìí. Nítorí imú píníọ̀nù máa ń dìde nígbà ìgbéra, ẹ máa kọ́kọ́ dorí rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ sí pùròpẹ́là, kó lè tọ́ nígbà tí ipá bá wà lórí rẹ̀. Sípíríǹgì pẹlẹbẹ ń ká púpọ̀, ó lè gba ìdagun dígírì 5 sí 7. Ọ̀pá tó ní búṣì gọ́ọ̀mù gba 2 sí 4. Ọ̀pá àkàbà tàbí ọ̀pá mẹ́rin tó ní jọ́ìntì irin kò nílò ju 1 tàbí 2 lọ, torí kò sí ohun tó ń rọ̀ níbẹ̀. Jọ́ìntì pùròpẹ́là 1350 ni kí ẹ lò fún mọ́tò alágbára. Òrùka irin tó yí iwájú pùròpẹ́là ká kò ju 6 ínǹṣì lọ sí jọ́ìntì iwájú nínú òfin NHRA: irin tó nípọn tó ìdá mẹ́rin ínǹṣì, tó fẹ̀ tó ínǹṣì 2, tàbí páìpù 7/8. Ẹni tó bá ti rí ilẹ̀ mọ́tò tí pùròpẹ́là ti nà kò ní bèèrè ìdí òfin yẹn.

Ṣọ́ọ̀kì ló kù, òun sì ni wọ́n máa ń rà kẹ́yìn, tí owó ti tán. Ó burú. Oríta ń sọ bí ìlù ṣe máa le tó, ṣọ́ọ̀kì ń sọ bó ṣe máa pẹ́ tó. Ẹ ra èyí tí ẹ lè yí ìnà rẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ sì yí ìsúnkì rẹ̀ lọ́tọ̀. Ti iwájú gbọ́dọ̀ nà wọ́ọ́rọ́wọ́ kí ìwúwo lè rìn sẹ́yìn. Fún ẹ̀yìn, ẹ gbé kámẹ́rà sí ẹ̀gbẹ́ wíìlì nísàlẹ̀, ẹ wo àlàfo láàárín táyà àti ìbòrí rẹ̀ nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan. Bí àlàfo bá ṣí wàràwàrà tí táyà sì yọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ mú ìnà ẹ̀yìn le sí i. Bí àlàfo bá ń pa dé, tí ẹ̀yìn mọ́tò ń lóṣòó tí táyà sì ń yọ̀ láti ibi ìbẹ̀rẹ̀, ẹ mú ìsúnkì le, tàbí kí ẹ padà sórí oríta. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yí ní eré kan, àkókò ẹsẹ̀ bàtà 60 àkọ́kọ́ ni kí ẹ sì fi ṣe ìdájọ́. Èyí tó wà ní ìlà ìparí ti gba ọwọ́ ohun púpọ̀ kọjá.

Kí ẹ tó ti ṣáàfù tuntun wọlé, ẹ fi ọ̀dà fa ìlà tó tọ́ lórí rẹ̀ láti ẹnu eyín títí dé bí ẹsẹ̀ bàtà kan. Lẹ́yìn bí eré 20, ẹ yọ ọ́. Bí ìlà náà bá ṣì tọ́, ẹ dá a padà síbẹ̀. Bí ó bá ti ń lọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ṣáàfù náà ti kọjá ibi tó ti lè padà sípò, bí kò bá tilẹ̀ tíì ṣẹ́. Ẹ gbé e sọnù, kí ẹ sì wo táyà tí ẹ wọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó ra òmíràn.